Ta ló ni kóńgò tí wọ́n fi ń wọn kábọ́ọ̀nù?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Benin City dá ẹjọ́ kan tí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá kànga epo ṣì ń sọ títí dòní. Ọ̀gbẹ́ni Jonah Gbemre ló pe ẹjọ́ náà lórúkọ ara rẹ̀ àti àwọn ará Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta. Shell àti NNPC ló pè lẹ́jọ́. Adájọ́ ní gáàsì tí wọ́n ń sun dànù tọ̀sán-tòru ń tẹ ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn náà sí ìwàláàyè àti sí iyì ọmọnìyàn mọ́lẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi òǹtẹ̀ lu iṣẹ́ kan ní Kwale, ní ìpínlẹ̀ Delta yìí kan náà. Ibùdó tí iléeṣẹ́ Agip ti ń ya epo àti gáàsì sọ́tọ̀ ni. Gáàsì tí wọn ì bá sun dànù níbẹ̀, wọ́n á gbà á, wọ́n á fi ṣe iná mànàmáná. Fún ìyẹn, wọ́n á gba kírẹ́dítì kábọ́ọ̀nù, ìwé ẹ̀rí fún èéfín tí kò rú, èyí tí wọ́n ṣírò sí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n á sì lè tà fún àwọn orílẹ̀-èdè olówó.

Kí gáàsì di iná, ohun tó dára ni. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé láti ọdún 1979 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, òfin náà sì sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun gáàsì dànù mọ́ láìgba àṣẹ mínísítà. Báwo wá ni èèyàn ṣe ń gbowó nítorí pé ó jáwọ́ nínú ohun tí òfin ti kà léèwọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn?

Ìdáhùn wà nínú ìwé ìlànà ètò kírẹ́dítì náà. Ó ní bí òfin bá wà lórí ìwé ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó ń pa á mọ́, tí ìjọba fúnra rẹ̀ kò sì mú ẹnikẹ́ni sí i, ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe gan-an ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kí wọ́n fi ohun tí òfin wí sílẹ̀. Owó ìtanràn kò sì tó nǹkan nígbà náà. Láti ọdún 1998, náírà mẹ́wàá ni lórí ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀-kúbíìkì gáàsì. Sísan án rọ iléeṣẹ́ lọ́rùn ju ríra ẹ̀rọ lọ. Ọdún 2018 ni wọ́n tó gbé owó náà dé dọ́là méjì fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Àwọn tó kọ ìwé Kwale kò ṣẹ̀ sí ìlànà rárá. Ìlànà gan-an ni kí á wò: bí ìjọba bá ṣe ń dijú sí òfin rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kírẹ́dítì tó wà fún títà yóò ṣe pọ̀ tó. Ìjọba tó bá dìde lónìí tó ní òun máa fi òfin múlẹ̀ yóò ba ọjà kírẹ́dítì ara rẹ̀ jẹ́ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni gbogbo èyí. Àríyànjiyàn tó ń lọ káàkiri àgbáyé báyìí lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa fi ìlànà kan náà ṣírò kírẹ́dítì kábọ́ọ̀nù, àwọn onímọ̀ ló ń sọ ọ́ ní èdè tó le, ṣùgbọ́n ìyá oníràìsì ní Bódìjà mọ̀ ọ́n dáadáa. Kóńgò ló dá lé lórí.

Ẹni tó bá ti ra ìrẹsì tàbí gààrí rí mọ̀ pé kóńgò kì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri ọjà. Àwọn kan máa ń lu ìdí rẹ̀ wọnú títí tí yóò fi wú sókè bí ìdí ìgò. Òkè rẹ̀ kún dẹ́ẹ́dẹ́ẹ́, inú rẹ̀ ò gba nǹkan mọ́. Oníbàárà tó bá délé tó rí i pé ìrẹsì òun kò tó ìkòkò á padà wá, á pariwo, ìyálọ́jà á dá sí i. Ariwo yẹn ló ń tún ọjà ṣe.

Kírẹ́dítì kábọ́ọ̀nù kan dúró fún tọ́ọ̀nù kan afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, tí kò jáde sójú ọ̀run tàbí tí wọ́n fà kúrò níbẹ̀. Ẹni tó rà á kò gbé nǹkan kan délé. Èéfín tí kò rú ni wọ́n tà fún un. Kí a tó lè mọ iye èéfín tí kò rú, àfi kí a kọ́kọ́ fojú inú wo iye tí ì bá rú ká ní iṣẹ́ náà kò wáyé. Iye tí a fojú inú wò yìí ni ìpìlẹ̀ ìṣirò. Bí ìpìlẹ̀ bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, kírẹ́dítì á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òǹtajà á yọ̀ nítorí pé kóńgò tí wọ́n yọ nínú àpò kan ti pọ̀ sí i. Oníbàárà náà á yọ̀ nítorí pé ohun tó bá pọ̀ lọ́jà á dín lówó, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fara gbá a kò sí lọ́jà: àgbẹ̀ tí òjò kò rọ̀ fún ní àsìkò, ìlú etíkun tí òkun ń gbé ilé wọn lọ. Kò sẹ́ni tó máa padà wá pariwo. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé òṣùwọ̀n ọjà yìí gbọ́dọ̀ le ju ti ìrẹsì lọ, ẹni tó ń tà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń rọ kóńgò.

Fún nǹkan bí ogún ọdún, òǹtajà gan-an ló ń rọ ọ́. Àdéhùn Kyoto, tí wọ́n ṣe ní Jàpáánì ní 1997 tó sì di òfin ní 2005, ló dá ọjà ńlá àkọ́kọ́ sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè olówó tí kò lè dín èéfín tirẹ̀ kù tó bó ṣe ṣèlérí lè ra kírẹ́dítì láti ilẹ̀ tí kò lówó tó o. Orúkọ tí wọ́n sọ ètò náà ni CDM. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìwé ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ó ń gba àwọn ayẹ̀wéwò tirẹ̀, òun náà ló sì ń sanwó fún wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gáàsì kan tó ń jẹ́ HFC-23 kò yẹ kó kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Tí iléeṣẹ́ bá ń ṣe HCFC-22, èyí tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, HFC-23 máa ń jáde bí pàǹtírí. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ni ìlànà CDM kà sí tọ́ọ̀nù 11,700 kábọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá sun tọ́ọ̀nù kan dànù gba kírẹ́dítì 11,700, owó tó ná láti sun ún kò sì tó nǹkan. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní Ṣáínà àti Íńdíà rí i pé pàǹtírí ti ń mówó wọlé ju ọjà tí wọ́n ń tà lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìwé wọn wò, wọ́n rí ibi tó jẹ́ pé ní àsìkò tí iléeṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kírẹ́dítì, HFC-23 tó ń jáde dín kù. Bí ẹ̀tọ́ náà ṣe padà dé ló tún pọ̀ sí i. Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ irú kírẹ́dítì yìí ní 2013. Owó ńlá ti lọ kí wọ́n tó tì í.

Áfíríkà ń kọ́? Nínú gbogbo iṣẹ́ tí CDM fọwọ́ sí, tiwa kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Yàtọ̀ sí Kwale, Nàìjíríà ní àdògán Save80, tí kì í jẹ igi púpọ̀, tí wọ́n pín ní apá àríwá láti 2009, ó tún ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ń sọ pàǹtírí di ajílẹ̀ ní Ìkòròdú láti 2010, àti díẹ̀ mìíràn. Àìsí èéfín kọ́ ló fà á. Kíkọ ìwé náà, pípe onímọ̀ wá láti òkè òkun, dídúró fún ọdún kan sí méjì kí wọ́n tó dáhùn, iléeṣẹ́ kẹ́míkà lè fara dà á. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó fẹ́ ṣe àdògán fún abúlé mẹ́wàá kò lè fara dà á. Nígbà tí wọn yóò fi parí, owó kírẹ́dítì ti já wálẹ̀: láti nǹkan bí ogún Yúrò ní 2008 sí ohun tí kò tó Yúrò kan lẹ́yìn 2012.

Ibí ni èrò ìlànà kan náà fún gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Cancún, ní Mẹ́síkò, ní oṣù kejìlá ọdún 2010, wọ́n gbà pé ìjọba orílẹ̀-èdè lè gbé ìpìlẹ̀ ìṣirò kan kalẹ̀ fún ẹ̀ka iṣẹ́ kan lódindi, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lo iye náà láì tún gba onímọ̀ tirẹ̀. Ní 2013, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Áfíríkà tí wáyà iná wọn so pọ̀ mọ́ ara wọn gba irú rẹ̀ àkọ́kọ́: nọ́ńbà kan tó sọ iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú iná tí wọ́n jọ ń lò. Uganda gba tirẹ̀ lórí iṣẹ́ èédú. Wọ́n tún sọ fún àwọn ilẹ̀ tí ìyà ń jẹ jù lọ, tí Tógò àti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin wà lára wọn, pé iṣẹ́ iná oòrùn kékeré tí kò ju mẹ́gáwáàtì 5 lọ kò ní láti máa ṣàlàyé mọ́ pé owó kírẹ́dítì ló mú kí òun ṣeé ṣe. Wọ́n á kàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun kan wà nínú àtúnṣe ìgbà yẹn tí mo fẹ́ràn gidigidi. Tálákà kì í rú èéfín púpọ̀, nítorí pé kò rí epo rà. Ìdílé tó ń fi fìtílà kan ṣoṣo jókòó lálẹ́, tí wọ́n sì ń pa á kí àwọn ọmọ tó parí iṣẹ́ iléèwé, bí o bá gbé iná oòrùn fún wọn, èéfín tó dín kù kò tó nǹkan. Ìṣirò àtijọ́ á sọ pé iṣẹ́ yẹn kò lérè. Ìlànà tuntun sọ pé kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí ọmọ ènìyàn ní ṣe ìpìlẹ̀, kí wọ́n má fi ìyà tó ń jẹ ẹ́ ṣe é. Àwọn kan ń bá a jà pé ó ń fi èéfín tí kò sí kún ìṣirò. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìyà ń jẹ jù ni kóńgò máa kéré sí jù.

Títí débí, ó jọ pé ìlànà kan náà ni oògùn gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àdògán ló kọ́ mi pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá gé igi ìdáná, díẹ̀ nínú rẹ̀ á tún hù. Igi tó tún hù á fa kábọ́ọ̀nù tó jáde padà sínú ara rẹ̀, gbèsè rẹ̀ ti san. Igi tí kò hù mọ́ ló fi gbèsè sílẹ̀ lójú ọ̀run. Fún ìdí èyí, kí a tó mọ iye kírẹ́dítì tó tọ́ sí àdògán tó ń dín igi kù, àfi kí a mọ ìdá mélòó nínú igi ìdáná àdúgbò náà ni kò hù padà. Iye kan ṣoṣo yìí ló ń sọ gbogbo ìṣirò yòókù di púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ní 2012, ìgbìmọ̀ CDM gbé iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè lò jáde kí iṣẹ́ lè yá. Fún Kẹ́ńyà, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún Rwanda, 98. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún igi tí àwọn ará Rwanda fi ń dáná, méjì péré ló ń hù padà. Nígbà tó di 2015, àwọn onímọ̀ tó yẹ igbó wò káàkiri àgbáyé ní tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìdá 27 sí 34 ni kì í hù padà. Ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ibì kan, pàápàá ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àìsí ìlànà ló fa èyí. Ìlànà wà. Àjọ tí gbogbo ayé fọkàn tán ló gbé e jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí kóńgò olúkúlùkù bá yàtọ̀, àṣìṣe ẹnìkan á dúró sọ́dọ̀ ẹnìkan. Bí kóńgò bá jẹ́ ọ̀kan náà tí ìdí rẹ̀ sì ti wọnú, gbogbo ọjà ló máa gbé e délé. Ojú tí mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, mi ò sì rí i kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń polówó ìlànà kan náà máa mẹ́nu bà á tó bó ṣe yẹ. Bí a bá fẹ́ lo iye kan fún gbogbo èèyàn, iye náà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ohun tí a rò pé ó jẹ́, kí a sì máa padà wọ̀n ọ́n.

Iye igi tó ń hù padà kọ́ ni ìṣòro kan ṣoṣo. Àwọn ayẹ̀wéwò máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé pé ṣé àdògán tuntun ni wọ́n ń lò. Ta ni yóò sọ fún àlejò tó fún un ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ pé òun kò lò ó? Ẹni tó bá mọ ilé ìdáná Yorùbá á mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í kúrò nílẹ̀ nítorí pé àdògán dé. Ìkòkò àmàlà fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ibi kan kí omorogùn lè ṣiṣẹ́. Àdògán fífúyẹ́ tó ń mì lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù ni. Ìkòkò ìnáwó kò tilẹ̀ gba orí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì tutù lówùúrọ̀ tí ọmọ fẹ́ wẹ̀, igi mẹ́ta lábẹ́ ìkòkò omi ló yá jù. Wọ́n á lo méjèèjì. Ìwé á kọ ọ̀kan. Ní 2024, àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Berkeley gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Sustainability pé tí wọ́n bá kó àwọn iṣẹ́ àdògán tí àwọn yẹ̀ wò pọ̀, kírẹ́dítì tí wọ́n fún wọn tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ohun tó tọ́ sí wọn. Ìlànà tó sún mọ́ òtítọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tó fi mítà wọn ohun ìdáná tí wọ́n lò gan-an.

Èyí kò sọ pé àdògán kò dára. Èéfín ilé ìdáná ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ jẹ́, ohunkóhun tó bá dín in kù yẹ fún owó. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n má fi ẹ̀dọ̀fóró ìyá wa ṣe ìwé ẹ̀rí fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ ra kírẹ́dítì.

Ọ̀rọ̀ iná oòrùn ní Nàìjíríà fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn hàn. Ìlànà tó wọ́pọ̀ máa ń fi iná tó ń bọ̀ láti ọ̀nà wáyà ìjọba ṣe ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn tàbí ní Ìkẹjà, ohun tí pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ń rọ́pò kì í ṣe iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tí iná ti ń wà ní gbogbo ìgbà á ṣi ìyẹn wọ̀n. Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà pẹtiróòlù tí kò tó igba náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó kó owó wọn jọ ra iná oòrùn lẹ́yìn ìgbà yẹn, owó epo ló lé wọn débẹ̀; kò sẹ́ni tó fún wọn ní kọ́bọ̀ kábọ́ọ̀nù. Ìwé tó bá kọ ní 2022 pé èèyàn kò lè ra iná oòrùn láìsí owó kírẹ́dítì lè jẹ́ òótọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kó sì ti di irọ́ lọ́dún kejì. Ìlànà tí kò ní ọjọ́ tí yóò parí ń bọ̀ wá di ìdí kóńgò tó wọnú.

Ti igbó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Die Zeit ti Jámánì kọ ọ́ pé èyí tó ju ìdá 90 lọ nínú kírẹ́dítì igbó olójò tí wọ́n yẹ̀ wò lábẹ́ Verra, àjọ aládàáni tó ń fọwọ́ sí kírẹ́dítì, kò dúró fún kábọ́ọ̀nù gidi kan. Verra kò gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó gbé ìlànà tuntun jáde: ẹni tó ni iṣẹ́ kò ní máa fúnra rẹ̀ yan igbó tí yóò fi tirẹ̀ wé mọ́. Verra ni yóò wo bí wọ́n ṣe ń pa igbó run ní gbogbo agbègbè náà, tí yóò sì pín ìpìlẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba kóńgò lọ́wọ́ òǹtajà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tọ́ ni.

Ní ti ètò àwọn ìjọba, Àdéhùn Paris ti 2015 ló rọ́pò Kyoto, orí kẹfà rẹ̀ ló sì sọ nípa ọjà yìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jiyàn lé e lórí kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní Baku, ní Azerbaijan, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Àwọn ohun tó tuntun níbẹ̀ ṣe pàtàkì sí wa. Ìpìlẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ lásán mọ́, ó gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kó sì máa lọ sílẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Nínú gbogbo kírẹ́dítì tó bá jáde lábẹ́ ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún á lọ sínú owó tí wọ́n fi ń ran àwọn ilẹ̀ tí ojú ọjọ́ ń pọ́n lójú lọ́wọ́, wọ́n á sì fagi lé ìdá 2 kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó. Ní 2025, ìlànà àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ni ti gáàsì tó ń jáde láti ààtàn. Ẹni tó bá rántí iná tó sọ ní ààtàn Olúsosùn ní Ọjọ́ta ní oṣù kẹta ọdún 2018, tí èéfín rẹ̀ bo àdúgbò fún ọjọ́ pípẹ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun pé gáàsì wà lábẹ́ pàǹtírí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta ní Èkó. Láyé Kyoto, kò sí ìṣòro yẹn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ilẹ̀ bíi tiwa kò ṣèlérí iye èéfín tí wọ́n máa dín kù. Lábẹ́ Paris, gbogbo ilẹ̀ ló ṣèlérí. Bí Gánà bá ta tọ́ọ̀nù kan fún Switzerland, Gánà kò gbọdọ̀ ka tọ́ọ̀nù náà mọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó gbọdọ̀ fi kún gbèsè ara rẹ̀ nínú ìwé. Gánà àti Switzerland fọwọ́ sí irú àdéhùn yìí ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Gánà sì ti ṣètò ọ́fíìsì tí yóò máa ṣí ìwé náà. Ìbẹ̀rù mi ni orílẹ̀-èdè tó bá ta èyí tó rọrùn láti dín kù tán lówó pọ́ọ́kú, tó wá ku èyí tó le fún òun fúnra rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìlérí bá pé.

Owó tó bá wọlé ń kọ́, ta ló ni ín? Kẹ́ńyà dáhùn nínú òfin rẹ̀ ti 2023: iṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dọọdún fún àwọn ará ìlú tó ni ilẹ̀, èyí tí kò jẹ mọ́ ilẹ̀, ìdá 25. Nàìjíríà ní Òfin Àyípadà Ojú Ọjọ́ ti 2021, ó ní ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí ìlànà ọjà kábọ́ọ̀nù ní 2025. Àwọn ìwé náà wà. Àwọn nọ́ńbà tí yóò wà nínú wọn ni kò tíì pé, mo sì bẹ̀rù pé bí a kò bá fúnra wa wọ̀n wọ́n, ẹlòmíràn á wá wọ̀n wọ́n fún wa láti orí tábìlì.

Ẹ wo ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ọ̀yọ́ lówùúrọ̀. Ọkọ̀ tó ru àpò èédú gòkè bí òkìtì ń bọ̀ láti Òkè-Ògùn, lójoojúmọ́, pẹ̀lú igi tí wọ́n ti ń ṣe òrí nínú ohun tí wọ́n sun. Àpò mélòó lóṣù? Kùkùté mélòó ló tún hù lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mélòó ni ó gbẹ? Ibo ni wọ́n ti sọ oko di ilẹ̀ ìkọ́lé tí igi kò ní hù níbẹ̀ láé? Bí ẹnìkan bá fẹ́ pín àdògán fún Ìbàdàn lọ́la lórúkọ kírẹ́dítì, àwọn ìdáhùn yìí ni kóńgò rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti orílẹ̀-èdè yìí wà ní Jẹ́ríkò, ní Ìbàdàn, láti ọdún 1954, àwọn tó mọ orúkọ igi wọ̀nyẹn àti bí wọ́n ṣe ń hù wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tó ń gbé àpò kan, ìwé tí wọ́n máa kọ ọ́ sí, àti owó ọkọ̀ dé Òkè-Ògùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún: ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè láti bẹ̀rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.